Yáásìn Tí Mi Ò Kà fún Yín

Bàbá mi, ẹni tí mo fẹ́ràn, tí mo sì ń sá fún,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọdún kẹrìnlá rèé tí ẹ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Ìwó, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibẹ̀ tutù fún yín.

Sìdíkátù, àbíkẹ́yìn mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè kọ orúkọ ara mi. Èmi ń sọ, òun ń kọ, ó sì ti ní kí n rọra, pé ẹnu mi yá ju ọwọ́ òun lọ. Inú yàrá mi ní Múṣín la jókòó sí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé wa sì ń dún lábẹ́ fèrèsé bí ẹni tí inú ń bí. Mo ti kìlọ̀ fún Sìdí pé bí mo bá sọ ohun tí kò dáa nípa ara mi, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó má bá mi tún un ṣe.

Ojú mi ń lọ, Bàbá. Dókítà ojú tí Sìdí mú mi lọ bá ní Yábàá sọ pé tòsì ti lọ pátápátá, ọ̀tún ń tẹ̀lé e, èyí tó bá sì ti lọ kò ní padà. Ó bi mí bóyá irú ẹ̀ wà nínú ìdílé wa. Mo ní ó wà, bàbá mi ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fún mi ní oògùn tí mò ń kán sójú láàárọ̀ àti lálẹ́. Nísinsìnyí, bí mo bá wo ènìyàn, imú rẹ̀ ni mò ń rí, mi ò rí etí rẹ̀. Ó dà bíi pé inú páìpù ni mo ti ń wo ayé, páìpù náà sì ń tín-ín-rín sí i. Ṣé báyìí ló rí fún yín náà? Ọdún méjì gbáko lẹ fi ń fi ọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà kiri, mi ò sì bi yín lẹ́ẹ̀kan pé kí lẹ ń rí.

Mo ti kúrò ní ọjà Ládìpọ̀, níbi tí mo ti ń tún rẹdiétọ̀ ọkọ̀ ṣe. Ẹni tí kò bá rí ihò ò lè dí ihò, iṣẹ́ rẹdiétọ̀ ò sì ju ká wá ihò ká dí i lọ. Mo kó irinṣẹ́ mi fún ẹni tó fẹ́ ẹ, mo sì wá jókòó sílé. Ìyá Sìdí ti ṣáájú mi wá bá yín, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ẹ bá mi kí i. Láti ìgbà tó ti lọ, bí mo bá jí ní òwúrọ̀, ó máa ń dà bíi pé wọ́n gbé òkúta lé mi láyà. Mo bá gbogbo ará ilé jà tán. Onílé wa kì í kí mi mọ́. Sìdí ní kí n sọ òtítọ́, pé èmi ni mi ò kí i. Ó dáa, èmi ni.

Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń ṣe lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹ ẹ́ fọ ọwọ́ yín, ẹ ẹ́ máa fẹ́ ẹ nínú afẹ́fẹ́ títí tá á fi gbẹ, nítorí ẹ ò fẹ́ kí omi kan ìwé. Lẹ́yìn náà lẹ máa jókòó lórí awọ àgùtàn yẹn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ẹ́ yọ Kùránì yín jáde nínú àpò awọ, ewé rẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ra, ẹ ẹ́ sì máa kà á jẹ́jẹ́. Bí oòrùn bá ti gun ẹnu ọ̀nà ni ẹ máa dìde, ẹ ẹ́ gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó di oko. Ẹni tó bá fẹ́ bá yín jà lọ́jọ́ náà, kó yáa ti bá yín jà kí ẹ tó kàwé, torí bí ẹ bá ti kà á tán, kò sẹ́ni tó lè múnú bí yín. Mo kéré nígbà náà. Mo rò pé koko tí ẹ mu ló fà á.

Ẹ fi mí sílé kéwú, mo kọ̀. Àfáà nà mí lọ́jọ́ kan nítorí lẹ́tà mẹ́ta tí mi ò lè pè, mo gbé wàláà mi, pátákó tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí yẹn, mo sọ ọ́ sínú odò Ọbà. Ẹ ò nà mí. Ẹ lọ sódò náà fúnra yín, ẹ wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù àti ọwọ́ òfìfo, lọ́jọ́ kejì ẹ nawọ́ ọkọ́ kékeré kan sí mi. Mo bá yín roko fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Ìdó, ó di Èkó.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé, Bàbá. Mo parọ́ fún yín.

Iléyá kan ni mo wálé tí ẹ bi mí léèrè kéwú, bí ẹ ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ó ti sú mi láti máa sọ pé rárá. Mo ní mo ti rí àfáà kan ní Ìdí-Òro, mo ti ń lọ síbẹ̀, mo ti ń ka Kùránì lójoojúmọ́. Ẹ ò mọ bí ojú yín ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pa adìyẹ. Ẹ sọ fún gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń kírun. Mo wá rò ó pé, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba irú ayọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ bàbá àgbà?

Láti ìgbà náà, ọdọọdún lẹ máa ń bi mí ibi tí mo kà á dé. Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀yìn Kùránì ni àwọn ọmọ kéwú wa ti ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á máa gòkè bọ̀ wá síwájú. Nítorí náà, bí mo bá wà nínú ọkọ̀ tí mò ń bọ̀ wálé, mo máa ń wá ẹni tó jọ onímàle tó mọ̀wé, mo máa ń bi í pé bí ènìyàn bá ti ka Ámà tán, kí ló kàn. Ọdún kan mo ní mo wà ní Ámà, ọdún kan mo ní Tábáráká, ọdún kan mo ní mo ti dé Yáásìn. Ẹ fẹ́ ṣe wálíìmọ̀, àsè Kùránì, fún mi pé mo ti dé Yáásìn, ẹ ti ń sin àgbò sílẹ̀, èmi ni mò ń sún un síwájú. Ọdún kan wà tí mo gbàgbé irọ́ tèṣí, mo ní Tábáráká ni mo wà. Àwọn tó jókòó wo ara wọn. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹni tó bá padà sẹ́yìn láti tún un kà, ọlọ́gbọ́n ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn yín tó kẹ́yìn. Mo dé lọ́sàn-án, ẹ ti rí bí igi gbígbẹ lórí ẹní, ojú yín méjèèjì ti fọ́. Ẹ fọwọ́ wá ọwọ́ mi. Ẹ ní, "Ka Yáásìn fún mi, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ nígbà náà. Ẹ̀yin nìkan àti Ìyá Ràfíù, ìyàwó yín kékeré, ló wà nínú yàrá. Mi ò sọ ọ́, mo yọ Kùránì nínú àpò, mo ṣí i síwájú ara mi. Mo ka Fátíà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mò ń fa ohùn, mò ń gbé e sókè, mò ń gbé e wálẹ̀, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu yín nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀. Mò ń ṣí ewé lọ. Mo ṣe é títí ẹnu mi fi gbẹ. Ẹ ní, "Àmín," ẹ sì gbàdúrà fún mi, àdúrà gígùn. Ọjọ́ kejì ni mo sáré padà sí Èkó nítorí iṣẹ́ oníbàárà kan. Ẹ kú ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n sin yín kí n tó dé, bí ẹ̀sìn wa ṣe ní kí wọ́n ṣe. Iyẹ̀pẹ̀ tútù ni mo bá.

Sìdí ti gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ìgbà tí Ìyá Sìdí kú, tí àwọn àfáà wá kàwé fún un ní ọjọ́ kẹjọ, mo tún jókòó láàárín wọn, mò ń mi ètè lásán. Ọmọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú ń kà á ketekete lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ lọ́kàn mi pé màá kọ́ ọ, màá ka Yáásìn fún yín lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú, Yáásìn tòótọ́. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ojú mi ló máa bá mi sá eré ìje náà.

Mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn ilé wa ń kọ́ àwọn àgbà lọ́sàn-án, àwọn ìyá àgbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń kọ́ wa, Àǹtí Rùkáyátù, kò tó Sìdí lọ́jọ́ orí. Oṣù kìíní, mo jókòó síbi àwọn bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọmọdébìnrin ni mo ti ń kàwé. Mi ò pè é ní Àǹtí. Bó bá ní kí n tún un pè, mo máa ń ní mo ti pè é. Ó máa ń ní, "Ẹ ti pè é, Bàbá. Ẹ wá pè é dáadáa." Àwọn ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìyá Gàní tó ń ta ata gígún ló burú jù nínú wọn. Ọjọ́ kan Àǹtí Rùkáyátù sọ pé ẹni tó ń kọsẹ̀ nínú Kùránì, tó sì ń tiraka, èrè méjì ni Ọlọ́run máa fún un. Ìyá Gàní ní tó bá jẹ́ ti ìkọsẹ̀ ni, Bàbá onírẹdiétọ̀ ló máa kó gbogbo èrè àdúgbò lọ.

Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi jẹ ìyà lẹ́tà. Bí mo bá dé orí lẹ́tà tí wọ́n ń fi ọ̀nà ọ̀fun pè, bíi pé mo fẹ́ tutọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ń kà á. Lẹ́yìn àsùbáà, kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi pẹ̀lú Kùránì onílẹ́tà gàdàgbà tí Sìdí rà fún mi, mo máa ń ka ìlà kan, tàbí méjì. Òkúta tí mo sọ pé wọ́n ń gbé lé mi láyà yẹn, bí mo bá ti kà á, ó máa ń fúyẹ́. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Òkúta náà wà níbẹ̀, Ìyá Sìdí ò jí dìde, ojú mi ò là, ṣùgbọ́n mo máa ń lè gbé orí sókè. Ọjọ́ tí mi ò bá kà á, Sìdí máa ń mọ̀ kó tó gbé oúnjẹ wá. Mo wá mọ̀ pé koko kọ́ ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mo dé Yáásìn. Inú mi dùn débi pé nígbà tí Ìyá Ràfíù pè mí láti kí mi kú ààwẹ̀, mo fọ́nnu fún un. Mo ní mo ti dé Yáásìn, mo ní ó kù díẹ̀ kí n wá kà á lójú oórì bàbá mi. Ó wá ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí òun lè sọ ọ́ fún mi báyìí. Ó ní lọ́jọ́ tí mo kà á fún yín, òun rí i pé mo dorí Kùránì kodò. Ó ní bí mo ṣe jáde lọ wẹ̀, ẹ ní kí òun pe àfáà kékeré ilé kejì wá fún yín. Ohun tí ẹ sọ fún àfáà náà ni pé, "Ọmọ mi ti ka tirẹ̀ fún mi. Jọ̀ọ́, wá ka Yáásìn."

Ó ní ẹ wá yíjú sí òun, ẹ ní òun ò gbọdọ̀ sọ fún mi láéláé. "Ojú á tì í, kò sì ní wálé mọ́."

Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń tún ti ìmáàmù ṣe lórí ìrun, tí gbogbo mọ́sálásí máa ń gbọ́ ohùn yín bó bá fo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ kéwú ò jẹ́ gba iwájú ilé wa kọjá bí wọ́n bá ń kàwé lọ, nítorí yín. Ẹ gbọ́ ìkùnsínú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ sì dákẹ́. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀? Ṣé láti ọdún tí mo padà sí Tábáráká ni? Àbí láti ọjọ́ tí ẹ pa adìyẹ? Àgbò tí ẹ ń sìn yẹn, ẹ mọ̀ pé wálíìmọ̀ náà ò ní wáyé, ẹ sì ń já koríko fún un?

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi ṣí Kùránì. Mi ò lọ sí kíláàsì. Mo sọ fún Sìdí pé àìsàn ni. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo kọjú sí ògiri, mo sì ń rò ó pé ọmọ burúkú ni mí, pé ohun tí mo fẹ́ ṣe ti pẹ́ jù. Ní ọjọ́ kẹwàá, Àǹtí Rùkáyátù wá sílé, òun àti Ìyá Gàní tó gbé ọsàn dání. Mo fẹ́ lé wọn. Mi ò mọ ohun tó ṣe ẹnu mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ìyá Gàní ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Àǹtí Rùkáyátù ní, "Àfáà ti ka Yáásìn fún bàbá yín kí wọ́n tó kú. Ẹ wá máa ka tiyín fún ara yín."

Mo ní rárá. Mo ní màá kà á fún un, bó ti wù kó rí. Ó ní nígbà náà, kí n dìde nílẹ̀, kí n lọ ṣàlùwàlá, ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Olóríkunkun ni òun náà.

Mo padà sẹ́nu ẹ̀. Nígbà tó rí i pé lẹ́tà ti ń di èéfín lójú mi, ó ní kí n máa fi etí gbà á, kí n máa kó o sínú. Òun á kà á, èmi á kà á tẹ̀lé e, títí tí yóò fi dúró. Ogójì ọdún ni mo fi ń ri rẹdiétọ̀ bọ inú omi, tí mò ń fetí sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń hó jáde, mo mọ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ohun tí kò hàn. Ó dúró, Bàbá. Ó ń dúró díẹ̀díẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo kà á fún yín. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kírun tán, mo fẹ́ ọwọ́ mi gbẹ, mo tan iná oníbátìrì, mo bẹ̀rẹ̀. Ojú mi gbé mi dé bí ìdajì. Nígbà tí ojú ò rí i mọ́, mo pa á dé, mo sì ń bá a lọ. Ibì kan wà tó há mọ́ mi lọ́rùn ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo padà sẹ́yìn, mo tún un gbé. Ìgbà tí mo fi máa parí, oníbúrẹ́dì ti ń kígbe ládùúgbò wa nínú òjò.

Mo rò pé nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Òjò ló ń rọ̀. Mi ò sunkún, ebi ló ń pa mí. Mo kàn jókòó síbẹ̀, ara mi balẹ̀ ní ọ̀nà tí kò tíì balẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fi yàrá yín sílẹ̀, ó sì ń dùn mí lọ́wọ́ kan náà, torí pé ẹ ò sí níbẹ̀.

Mi ò ní jẹ́ kí Sìdí kọ ọ́ pé mo kà á dáadáa. Mo mọ̀ pé ibi mẹ́rin ni mo ti ṣì í, ó kéré tán, àwọn míì sì wà tí mi ò mọ̀. Ọ̀la, lẹ́yìn àsùbáà, màá tún un kà fún yín, àti ọ̀tunla, ojú ì báà wà, ì báà má sí. Bí ẹ bá ń gbọ́ mi níbi tí ẹ wà, tí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá mi, ẹ ké mọ́ mi. Ẹ má dákẹ́ fún mi mọ́.

Kí Ọlọ́run forí jì mí, kó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú oórì yín ju èyí tó ṣẹ́kù sójú mi lọ.

Èmi ni,
àkọ́bí yín, olóríkunkun yín, tí àárò yín ń sọ.